Ẹ Jẹ́ Kí Ọwọ́ Ọmọdé Rí Nǹkan Ṣe: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága SUBEB Ilẹ̀ Yorùbá

Sí ẹ̀yin Alága SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìpínlẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà tó ń dé orí tábìlì yín kò níye, mo sì mọ̀ pé owó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń tọrọ. Èmi ò tọrọ owó tuntun. Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ bá wa tún kọ, ìyẹn ìwé tí ẹ máa ń fún agbaṣẹ́ṣe nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, èyí tó sọ bí fèrèsé yóò ṣe pọ̀ tó, irú àga tí yóò wọlé, àti ohun tí wọ́n máa fi tẹ́ àgbàlá. Inú ìwé yẹn ni nǹkan ti ń wọ́ mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta lọ́wọ́, kí olùkọ́ rẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì rárá.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe àwa olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan síbi ìṣílé kíláàsì tuntun ní ilé ìwé ìjọba kan, n ò ní dárúkọ ibẹ̀. Páànù ń dán, ọ̀dà ṣì ń rùn. Wọ́n ya kìnnìún àti ògòǹgò sára ògiri ìta, ó sì wuyì. Ìgbà tí a wọ inú ilé ni mo rí i pé bẹ́ǹṣì oníjókòó mẹ́ta, irú èyí tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ń lò, ni wọ́n tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọ́n ti kó àwọn ọmọ ọlọ́dún mẹ́rin jókòó kí àlejò lè bá wọn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ò kanlẹ̀, ó ń fì dirodiro. Etí tábìlì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àgbọ̀n wọn. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ya nǹkan sínú ìwé ní láti kúnlẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì kí ọwọ́ rẹ̀ tó tó o, tíṣà sì ń sọ fún un pé kó jókòó dáadáa. Àwòrán ABD tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ga ju orí èmi alára lọ. Mo wo yàrá náà yíká, n ò rí ohun kan ṣoṣo tí ọmọ lè gbé, tí ó lè tò, tí ó lè dà, tí ó lè tú palẹ̀. A pàtẹ́wọ́, a jẹ ìrẹsì, a lọ.

Mi ò fẹjọ́ agbaṣẹ́ṣe sùn o. Kò jalè, kò fi síméńtì ṣe màgòmágó. Bẹ́ǹṣì wà nínú ìwé rẹ̀, ó kó bẹ́ǹṣì wá. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ kíláàsì fún ọmọ ọdún mọ́kànlá náà ni wọ́n fún un. Orúkọ ara ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n yí padà.

Bẹ́ẹ̀, òfin ò pa ọmọ kékeré tì. Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbo Ọmọ (UBE) ti ọdún 2004 ka ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ ọmọ kékeré mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Òfin kan náà ló ní kí ìjọba àpapọ̀ máa ya ó kéré tán ìdá 2 nínú 100 owó àpò àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ètò náà, kí ìpínlẹ̀ sì fi tirẹ̀ kún un. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè tí wọ́n tún ṣe ní 2013 wá fi ọdún kan jẹ́lé-ó-sinmi kún ohun tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ìlànà ìjọba ò sì fi ọ̀nà ìkọ́ni pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: eré ni ó ní kí a fi kọ́ wọn, olùkọ́ kan sí ọmọ 25. Ìwé ní eré, àwa ra bẹ́ǹṣì.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín níṣẹ́ kékeré kan. Tí ẹ bá délé, ẹ pe ọmọ-ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ bu omi iye kan náà sínú ife kúkurú méjì tó dọ́gba, kí òun fúnra rẹ̀ fẹnu sọ pé wọ́n dọ́gba. Lẹ́yìn náà, lójú rẹ̀ báyìí, ẹ da ọ̀kan sínú ife tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga. Ẹ bi í pé èwo ló pọ̀ jù. Àfàìmọ̀ ni kò fi ní nawọ́ sí èyí tó ga. Ẹ ṣàlàyé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tó ga náà ni yóò ṣì máa nawọ́ sí. Jean Piaget, ará Switzerland, fi irú ìdánwò yìí hàn wá ní ọ̀rúndún tó kọjá pé bí ọmọ kékeré ṣe ń ronú yàtọ̀ sí ti àgbà, kì í ṣe pé ìmọ̀ rẹ̀ kàn kéré. Àlàyé ẹnu nìkan kì í sábà là á lójú. Bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà, tí òun fúnra rẹ̀ ń bu omi, tó ń dà á, tó ń kún, tó ń ṣẹ́ kù, ni ọ̀rọ̀ náà ń yé e. Ìmọ̀ yẹn náà ni ìyá tó lọ ra gàrí fi ń mọ̀ tí wọ́n bá ti lu ìdí kóńgò wọnú. Bááfù omi kan, agolo mẹ́ta tí kò dọ́gba tí etí wọn kò mú, àrọ kan àti asẹ́ kan ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Èló ni gbogbo rẹ̀?

Pákó ìtòlé ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kò jìnnà sí yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, olùkọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Caroline Pratt, tó mọ iṣẹ́ igi dáadáa, ṣe àwọn pákó kan tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé títí dòní. Àṣírí wọn ò ju ìwọ̀n lọ. Èyí tó jẹ́ ìpìlẹ̀ gùn ní íǹṣì márùn-ún àti ààbọ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìdajì gígùn rẹ̀, nínípọn rẹ̀ jẹ́ ìdajì fífẹ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e gùn ní ìlọ́po méjì rẹ̀ géérégé, òmíràn gùn ní ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ tó ń kọ́lé lórí ilẹ̀, tí pákó gígùn bá tán lọ́wọ́ rẹ̀, yóò fi kúkurú méjì dí àlàfo náà, yóò sì rí i pé ó bá a mu wẹ́kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìdajì méjì ni odindi kan. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kí olùkọ́ tó fi ẹnu sọ ọ́ fún un ní kíláàsì kẹta.

Ẹ dé ọjà pákó Bódìjà n'Ìbàdàn, ẹ dé ibi ìlagi èyíkéyìí ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àgékù àfàrà àti arère tí wọ́n ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí àwọn alásè ń kó lọ fi dáná, ni mo ń wí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ní ayùn tó mú lè sọ ọ́ di pákó ìtòlé fún kíláàsì kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀n ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà o. Bí ọ̀kan bá fi bíńtín ju èkejì lọ, ilé ọmọ á wó, ìṣirò inú rẹ̀ á sì dàrú, nítorí náà ẹ má gba iṣẹ́ tí wọn kò fi rúlà wọ̀n lójú yín. Kí wọ́n fi sánpépà fá gbogbo etí rẹ̀, kí wọ́n má sì kùn ún. Ọmọ ọdún mẹ́ta á fi í sẹ́nu dandan, òjé sì wà nínú àwọn ọ̀dà kan.

Ọ̀rọ̀ àga ò gùn. Ìjókòó ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, íǹṣì 10 sí 12. Tábìlì rẹ̀, íǹṣì 18 sí 21. Ẹ wo àga tí ẹ jókòó lé báyìí: ibi tí ìdí yín wà yẹn ni ó yẹ kí tábìlì ọmọ ga dé. Kí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ méjì á lè gbé e kúrò lójú ọ̀nà. Kí pẹpẹ tí wọ́n ń kó nǹkan sí má ga ju àyà ọmọ lọ, kó má nílẹ̀kùn, kó má ní kọ́kọ́rọ́.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ yìí ni yóò mú yín mirí. Ẹ wọ ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá ilé ìwé lọ wò. Lórí kọ́bọ́ọ̀dù tàbí nínú rẹ̀, kò ní ṣòro kí ẹ bá ohun ìṣeré tí ìjọba tàbí aláàánú kan fún ilé ìwé ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá, tí eruku ti bò. Ọ̀gá ò burú. Nǹkan yẹn wà nínú ìwé ẹrù ilé ìwé, òun ló sì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀kan bá sọnù tàbí tó ṣẹ́, òun ni wọ́n máa bi. Ó fi ọgbọ́n bá a lò, ó tì í pa. Ọmọ á kàn máa rí i láti ẹnu ọ̀nà nígbà tí wọ́n bá rán an wá gbé ṣọ́ọ̀kì. Oògùn rẹ̀ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ kọ pákó ìtòlé, agolo, amọ̀, bébà àti kirayọ́ọ̀nù mọ́ ohun àlòtán, níbi tí ṣọ́ọ̀kì àti ọṣẹ wà, kí ẹ sì kọ̀wé sí gbogbo ọ̀gá pé èyí tó bá bàjẹ́ nítorí pé ọmọ lò ó, kò sí ẹ̀sùn lórí rẹ̀. Kódà tí alábẹ̀wò bá dé lẹ́yìn ọdún kan tó bá àwọn ohun ìṣeré náà bí ẹni pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n rà wọ́n, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kó béèrè ìdí.

Àwọn alábẹ̀wò yín náà ńkọ́? Nóòtì ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n á wo ìwé ìpè, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á sì fetí sílẹ̀ bóyá kíláàsì dákẹ́. Kíláàsì tí ọmọ ti ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ kò lè dákẹ́, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì lè gbẹ ní gbogbo ìgbà. Mo mọ tíṣà kan tí wọ́n bá wí nítorí pé ilẹ̀ kíláàsì rẹ̀ tutù. Omi ni àwọn ọmọ ń wọ̀n. Láti ọjọ́ náà, orin ABD ni wọ́n ń kọ láti àárọ̀ dọ̀sán, kò sì sẹ́ni tó tún bá a wí. Ẹ bá wa fi ìbéèrè kan ṣoṣo kún fọ́ọ̀mù àwọn alábẹ̀wò: nígbà tí mo wọlé, kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan? Tí wọ́n bá ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́, ẹ ó mọ ilé ìwé yín ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ ó ní ọmọ 25 ni ìwé wí, pé iye tó ń bẹ nínú kíláàsì wa ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyẹn tí àgbàlá fi ṣe pàtàkì ju yàrá lọ: ìdajì ọmọ á wà níta lọ́dọ̀ olùtọ́jú, ìdajì á wà nínú ilé, wọ́n á sì pààrọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ íńtálọ́ọ̀kì ti kó sí wa lórí. Kí wọ́n tó ṣí ilé, wọ́n á ti gé igi máńgò, wọ́n á ti fi íńtálọ́ọ̀kì bo ilẹ̀ dé ẹsẹ̀ ògiri, oòrùn ọ̀sán á sì sọ gbogbo rẹ̀ di agbada àkàrà. Ẹ bá wa dá ìdajì àgbàlá sí. Kí igi dúró. Lábẹ́ ibòòji rẹ̀, ẹ fi búlọ́ọ̀kù yí ibì kan ká, kí ẹ da yanrìn odò tí wọ́n ti fọ̀ sí i, kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ẹ sì ra tapólì tí wọ́n á fi máa bò ó lálẹ́ nítorí ológbò àti ewúrẹ́. Kí ẹ̀rọ omi kan wà tí kò ga ju ìdodo ọmọ lọ. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ tí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì jẹ́ ilẹ̀, tí ọmọ lè gbẹ́, tó lè gbin ẹ̀wà sí, tó lè tún hú u lọ́jọ́ kejì láti wò ó bóyá ó ti hù. Á hú u dandan. Ẹ jẹ́ kó gbin òmíràn.

Kò sí àjèjì nínú gbogbo èyí. Ọmọ Yorùbá ti ń fi kóró àgbálùmọ̀ ṣeré, ó ti ń ta òkòtó, ó ti ń fi amọ̀ mọ ìkòkò kékeré, ó ti ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni ò ní jẹ, kí ilé ìwé tó dé. Ẹ gbé ọpọ́n ayò síwájú ọmọ ọdún márùn-ún, ojú 12, ọmọ 48. Kó má tíì ta rárá. Kó kàn máa pín ọmọ ayò sójú ọpọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí gbogbo ojú yóò fi dọ́gba, tí yóò rí i pé mẹ́rin-mẹ́rin ló kàn wọ́n. Ó ti ka nǹkan, ó ti pín in, ó ti yẹ ara rẹ̀ wò, kò sì mọ̀ pé ìṣirò lòun ń ṣe. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, rárá o: ohunkóhun tó bá lè gba inú páálí àárín tísù ilé ìgbẹ́ kọjá lè há a lọ́fun. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú ológbò, kóró pupa olójú dúdú yẹn, kún ohun tí ọmọ ń kà, nítorí májèlé ni.

Àwọn tó kọ́kọ́ dá irú ilé ìwé yìí sílẹ̀ ní Yúróòpù náà kò fi ike olówó gọbọi bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù òwú àti pákó ni Friedrich Froebel, tó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Bad Blankenburg ní Jámánì ní 1837, kó lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Ìjọba Prussia fòfin de irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ní 1851, wọn ò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò títí di 1860. Kì í ṣe òní ni irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ ti ń rí àtakò. Maria Montessori ṣí tirẹ̀ ní San Lorenzo, àdúgbò àwọn tálákà ní Róòmù, ní January 1907, ó sì ní kí wọ́n kan àga àti tábìlì tó bá ọmọ mu. Lónìí, orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ilé ìwé aládàáni káàkiri ìlú wa. Ẹ wọ inú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ ó bá ọmọ ọdún mẹ́ta tó ń kọ 1 dé 100 sínú ìwé.

Àwa òbí ò ṣàì lẹ́bi níbẹ̀. Tí ọmọ bá délé tí ìwé rẹ̀ ṣófo, a ó ní wọn ò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Tíṣà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń di ọwọ́ ọmọ mú, ó ń bá a fi pẹ́ńsù kọ ọ́ kí ìyá rẹ̀ lè rí nǹkan wò. Kí ẹ kéde fún wa ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ pé ìwé òfìfo ní ọdún yẹn kì í ṣe àmì ọ̀lẹ. Tó bá ti ẹnu ìjọba wá, a ó gbọ́.

Ní ti èdè, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní St. Stephen's "A", Mọ̀dákẹ́kẹ́. Ilé ìwé ìlú wa lásán ni wọ́n ti ṣe é, àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ sì ń tọ́ka sí i títí dòní. Pé ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní November 2025, ìjà ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọmọ tó ń wọn omi kì í panu mọ́: ó kún, ó ṣẹ́ kù, ó dà nù, tìẹ ju tèmi lọ. Èdè ilé rẹ̀ ló máa fi sọ ọ́, kò ní dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ Àbújá.

Ìtàn kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ fi bẹ̀ yín. Ní 1945, tí ogun ń parí lọ, àwọn ará abúlé Villa Cella nítòsí Reggio Emilia ní Ítálì ta ọkọ̀ ogun kan, ọkọ̀ akẹ́rù díẹ̀ àti ẹṣin tí àwọn ọmọ ogun Jámánì fi sílẹ̀, wọ́n fi owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé fún àwọn ọmọ wọn kéékèèké. Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Loris Malaguzzi, gun kẹ̀kẹ́ lọ wò wọ́n, ó sì fi iṣẹ́ náà ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní 1963, ìjọba ìlú Reggio Emilia bẹ̀rẹ̀ sí í dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi yàrá iṣẹ́ ọwọ́ sínú àwọn ilé ìwé náà, wọ́n sì gba oníṣẹ́ ọnà síbẹ̀ láti máa bá àwọn ọmọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú tíṣà wọn. Àwa ò ní láti wá oníṣẹ́ ọnà lọ síbi jíjìn. Amọ̀kòkò wà ní Ìpetumodù, àwọn tó ń fín igbá wà ní Ọ̀yọ́, aláṣọ òfì wà ní Ìsẹ́yìn, aládìrẹ wà ní Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Kí ìyá amọ̀kòkò kan jókòó sábẹ́ igi láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí àwọn ọmọ máa po amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀ àti owó ọjọ́ tó fi sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń wí pé ó ń kú lọ náà á rí ọmọdé tó mọ bí amọ̀ ṣe ń rí lọ́wọ́.

Ẹ̀yin Alága wa, kí ìpolówó iṣẹ́ àgbàṣe tó ń bọ̀ tó jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi méjì àti gbẹ́nàgbẹ́nà kan, kí wọ́n jókòó ti ẹnjiníà yín. Kí wọ́n fi bírò pupa fa igi lé bẹ́ǹṣì oníjókòó mẹ́ta àti ìdajì íńtálọ́ọ̀kì àgbàlá, kí wọ́n kọ àga kékeré, pẹpẹ tí kò nílẹ̀kùn, pákó ìtòlé, yanrìn àti ẹ̀rọ omi rírẹlẹ̀ sí ipò wọn. Tí ẹ bá ní kí a kọ́kọ́ fi kíláàsì kan dán an wò ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a gbà bẹ́ẹ̀. A ò ní gba owó ìjókòó lọ́wọ́ yín. Ẹ ṣáà pè wá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan, Ìbàdàn.